Ọdún kẹrin lẹ́yìn tí mo gé àwọn igi yẹn

Igi mọ́kànlá ni mo gé lẹ́yìn ilé náà, ọjọ́ méjì la sì fi parí iṣẹ́. Ilé wà lókè, àgbàlá ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì. Ibi tó ti dà gẹ̀rẹ́ yẹn làwọn igi náà dúró sí. Onílé fẹ́ kí ojú òun máa ríran jìnnà, ewé tó ń já bọ́ sínú gọ́tà òrùlé sì ti sú u. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. A kó ẹ̀ka kúrò, a gbálẹ̀ mọ́ tónítóní, onílé dúpẹ́ gan-an, ó sì júwe wa fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì yẹn. Mo gbà pé iṣẹ́ tó yanjú ni mo ṣe.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fún un kí n tó lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá rí i pé àwọn kùkùté yẹn tún ń rúwé, ẹ máa gé àwọn ọ̀mùnú náà dànù, kí wọ́n lè kú pátápátá." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mẹ́sàn-án nínú wọn kú. Méjì tó kù wà lápá òsì níbi tí ẹ̀gún pọ̀ sí. Ó sú u láti máa lọ síbẹ̀, ó bá fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́dún kẹrin, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni fóònù mi dún. Ohùn ẹ̀gbọ́n náà ń gbọ̀n. "Àbúrò, ẹ̀yìnkùlé mi ti lọ."

Ilẹ̀ ti ya. Àgbàlá tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣeré lórí rẹ̀ ti ṣẹ́ kúrò, ó ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ àfonífojì, etí ibi tó ya sì kù bíi mítà 2 péré kó dé ògiri ilé. Ọpẹ́ ni pé òru ló ṣẹlẹ̀, kò sí ẹnì kankan níta. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ti yẹ ibẹ̀ wò tó sì gbà wá láyè, mo rọra sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbòǹgbò kan yọ jáde lára ilẹ̀ tó ya náà, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Mo dì í mú, mo fà á. Èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí àkọ̀ ṣe ń bọ́ lára ọ̀bẹ. Inú rẹ̀ rọ̀, ó tutù, ó sì já bí òwú tó ti gbó. Mo gbìyànjú òmíràn, bákan náà ni. Ìgbà tí mo wá wo apá òsì ni ọkàn mi bàjẹ́. Ibi tí kùkùté méjì tó rúwé wà kò yẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tó yí wọn ká dúró gbọn-in, ó yọ gọngọ sáàárín ibi tó ya. Àwọn kùkùté tí wọn ò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi lórí wọn nìkan ló di ilẹ̀ mú.

Òótọ́ ni pé igi nìkan kọ́ ló fà á. Ẹnjiníà yẹn fi páìpù kan hàn wá tó ń da gbogbo omi òrùlé sí orí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni páìpù náà ti ń da omi síbẹ̀ tí ilẹ̀ ò yẹ̀. Ohun tó yí padà ni ohun tí mo gé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, tó sì yẹ kí n ti mọ̀, ni pé gbòǹgbò kì í kú lọ́jọ́ tí a gé igi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣì le bí okùn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi máa ń dà bíi pé ó dáa, tí onílé á sì máa rò pé kò sí ìṣòro. Àwọn gbòǹgbò tínínrín, tí wọ́n so erùpẹ̀ mọ́ ara wọn, ló ń kọ́kọ́ jẹrà, lẹ́yìn náà ni àwọn tó nípọn á tẹ̀ lé wọn. Bí a ò bá gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀, ìgbà kan á dé tí gbòǹgbò àtijọ́ ti lọ, tí tuntun ò sì tíì dé. Láàárín bí ọdún kẹta sí ọdún kẹwàá lẹ́yìn tí a gé igi ni ewu náà máa ń pọ̀ jù lọ. Yàtọ̀ sí èyí, igi máa ń fa omi látinú ilẹ̀, orí rẹ̀ sì máa ń gba lára òjò dúró kó tó délẹ̀. Bí a bá gé e, ilẹ̀ á tutù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó sì mu omi yó máa ń wúwo, ó máa ń yọ̀.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá pè mí wá sí ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ̀rọ agégi mi kì í kúrò nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń rìn yí ilẹ̀ náà ká, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ látòkè wá sísàlẹ̀. Mo máa ń wo ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Mo máa ń wo odi àti ọgbà bóyá wọ́n ti tẹ̀, mo sì máa ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Ìgbà tí mo bá rí gbogbo èyí ni mo tó ń gbójú sókè wo igi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè mí torí pé igi wọn tẹ̀. Igi tó tẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ igi tó fẹ́ wó. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, erùpẹ̀ òkè máa ń rọra wọ́ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igi tó wà lórí rẹ̀ á máa tẹ̀ nídìí, orí rẹ̀ á sì tún máa tọ́ sókè lọ bá oòrùn. Èyí ló fi máa ń rí bí ìwọ̀ nídìí. Bí mo bá rí igi tó tẹ̀ nídìí tí òkè rẹ̀ tọ́, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, ó sì ti kọ́ ara rẹ̀ láti dúró. Èyí tó ń já mi láyà ni igi tó tọ́ gbọọrọ láti ìdí dé orí, síbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òpó tí ẹnì kan tì. Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ni.

Mo rántí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló pè mí, ó ní igi òun "ti ń wo òun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Igi wà lókè, ilé wà nísàlẹ̀. Mo gun òkè lọ sí ẹ̀yìn igi náà, mo sì fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀. Ilẹ̀ ti là níbẹ̀, ó yí ìdí igi náà po bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo ki ọ̀pá tínínrín kan bọ̀ ọ́, ó wọlé tó gígùn apá mi láìkan nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́ bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo sì rí i tí ẹnu ilẹ̀ náà ṣí díẹ̀, tó tún padé. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn nínú yàrá ẹ̀yìn lálẹ́ òní. Kódà, ẹ má sùn nínú ilé yìí." Wọn ò bá mi jiyàn. Ọjọ́ kejì la mú ọkọ̀ ńlá tó ń gbé ẹrù sókè wá, torí mi ò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi kankan gun igi yẹn. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gùn.

Ohun tó ṣe igi màmá yìí ò ṣòro láti mọ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, aládùúgbò tó wà lókè wọn ti gbẹ́ ilẹ̀ kó lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí, ó sì ti gé àwọn gbòǹgbò tó wà lápá òkè. Bí ilé bá wà nísàlẹ̀ igi, gbòǹgbò apá òkè wọ̀nyẹn ló ń fa igi náà sẹ́yìn bí okùn àgọ́. Bí o bá já okùn, àgọ́ á wó. Èrò àwọn èèyàn ni pé gbòǹgbò máa ń lọ sísàlẹ̀ jìnnà bí igi ṣe ga tó. Irọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í kọjá 60 sẹ̀ǹtímítà sí mítà 1 sínú ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tàn lọ, ó sì máa ń kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé dáadáa. Ìṣirò tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń lò ni pé kí o wọn bí ìdí igi ṣe fẹ̀ tó, kí o fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Igi tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, má gbẹ́ ilẹ̀ níbi tó fi mítà 6 yí i ká, má sì kó erùpẹ̀ jọ síbẹ̀. Erùpẹ̀ tí a kó bo ìdí igi máa ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ gbòǹgbò lára, igi náà á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àwọn tó fẹ́ ríran jìnnà ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù báyìí, nítorí ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ yẹn. Kò pọn dandan kí wọ́n gé igi kí wọ́n tó rí àfonífojì. A lè yọ àwọn ẹ̀ka kan láàárín orí igi, kí ojú lè gba ibẹ̀ kọjá bíi fèrèsé, a sì lè gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí ojú lè gba abẹ́ rẹ̀. Ohun tí mi ò ní ṣe láé, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó, ni kí n bẹ́ orí igi. Igi tí a bẹ́ lórí máa ń fi ìkánjú hu ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tín-tìn-tín, ara èèpo lásán ni wọ́n rọ̀ mọ́, láàárín ọdún mélòó kan wọ́n á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa ya nígbà ìjì. Mi kì í sì í yọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin orí igi lọ láàárín ọdún kan. Ewé ni igi fi ń jẹun.

Bí a ṣe ń gé ẹ̀ka náà ṣe pàtàkì. Níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ara igi, ó máa ń wú díẹ̀ bí ọrùn aṣọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ńṣe la máa ń gé e rẹ́rẹ́ mọ́ ara igi kó lè dán, a ó sì fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀. Alex Shigo, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó fi ẹ̀rọ agégi la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi kó lè wo inú wọn, ti fi hàn láti 1977 pé ojú ọgbẹ́ igi kì í jinná bí ti èèyàn. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká, kí ìdíbàjẹ́ náà má bàa tàn ká. Ibi tó wú bí ọrùn aṣọ yẹn wà lára ohun tí igi fi ń mọ odi náà. Ìta rẹ̀ ni kí a ti gé e. Ọ̀dà ò ràn án lọ́wọ́. Mo ti padà lọ wo àwọn igi tí mo gé rẹ́rẹ́ láyé ìjọhun, inú púpọ̀ nínú wọn ti di ihò.

Ṣùgbọ́n ìgbà míì wà tí igi gbọ́dọ̀ lọ. Olú ńlá ti hù sídìí rẹ̀, ó ń dún gbó-gbó bí o bá fi òlù onígi lù ú, tàbí ilẹ̀ ti lanu lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí àyè bá wà, a lè gé e nídìí kó wó. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ilé wà nísàlẹ̀, èyí kì í sábà ṣeé ṣe. Igi tó wó sápá ìsàlẹ̀ á yí, á sì máa yọ̀ lọ títí nǹkan kan á fi dá a dúró, ilé lohun náà sì sábà máa ń jẹ́. Èyí tó wó sápá òkè náà lè fi ìdí yọ̀ padà wá bá ẹni tó gé e. Nítorí náà, ẹnì kan á gùn ún, á máa gé e ní gígé kéékèèké látorí wá, a ó sì máa fi okùn àti púlì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kéékèèké tí mo wí yìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìtì igi tútù tó fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà tó sì gùn ní mítà 1 lè wúwo tó 120 kìlógíráàmù. Bí o bá jẹ́ kó já bọ́ fún mítà kan tàbí méjì kí okùn tó gbá a mú, agbára tí okùn náà máa rí á di ìlọ́po ìwúwo yẹn lọ́nà púpọ̀. Mo ti rí okùn tó já bẹ́ẹ̀. Ó dún bí ìbọn, ìtì náà yí gba inú ọgbà kan kọjá, ó sì dúró sára àtẹ̀gùn ilé. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tó ń kó ẹ̀ka. Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dúró sápá ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá ń gé nǹkan lókè, ì báà jẹ́ ẹ̀ka tó kéré bí ọmọ ìka. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá á kígbe, ẹni tó wà lókè á pa ẹ̀rọ, á sì dá a lóhùn kó tó rìn.

Igi tó tẹ̀ gan-an ní ewu tirẹ̀. A máa ń kọ́kọ́ gé ẹnu sí igi níhà ibi tó máa wó sí, lẹ́yìn náà la ó wá gé e láti ẹ̀yìn, a ó sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí igi náà ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí a fi sílẹ̀ yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù ń ṣe, òun ló ń darí igi náà bó ṣe ń wó. Bí igi bá tẹ̀ púpọ̀ tí o sì gé e láti ẹ̀yìn bọ̀ bó ṣe wọ́pọ̀, ó lè la láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí o tó gé e tán, kí ìdajì rẹ̀ sì fò sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ìtapá ẹṣin. Ohun tó ń gbani ni kí o gún ẹnu ẹ̀rọ wọ àárín igi, kí o gé inú rẹ̀, kí o sì fi èyí tó dì í mú lẹ́yìn sílẹ̀ títí dé òpin. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í fọwọ́ kan igi tó tẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe èyí lójú mi lára ìtì tó wà nílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà iná: bí ẹ̀ka bá wà láàárín mítà 3 sí i, a ò ní débẹ̀ àfi tí ilé iṣẹ́ iná bá ti pa á.

Lórí ọ̀rọ̀ kùkùté, mi ò wú u lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ mọ́. A máa ń gé e lọ sílẹ̀, a ó sì fi í síbẹ̀. Bó bá jẹ́ irú igi tó ń rúwé, mo máa ń bẹ onílé pé kó jẹ́ kó rú, torí níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà lórí, gbòǹgbò ò kú. Bí igi bá ju ọ̀kan lọ, a kì í gé gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan náà. A máa ń gé méjì tàbí mẹ́ta, a ó gbin igi kéékèèké àti koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jinlẹ̀ sáàárín wọn, a ó sì dúró kí wọ́n mú ilẹ̀ kí a tó padà wá. Ẹ̀ka tí a lọ̀ la máa ń tẹ́ sórí ilẹ̀, kó nípọn tó 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, kó má sì kan ara igi. Àwọn onílé kan ò fẹ́ dúró. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì wá ẹlòmíì tó máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti gbà láti pàdánù irú iṣẹ́ yẹn.

Bí o bá ń wá ẹni tó máa bá ọ gé igi lórí òkè, bi í ní ohun tó máa ṣe sí ilẹ̀ lẹ́yìn tí igi bá lọ. Bí kò bá ní èsì, wá ẹlòmíì. Wo ìwé adójútòfò rẹ̀, kí o sì rí i pé kò tíì parí. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi bàtà onírin gun igi tí o kò fẹ́ gé, dá a dúró, torí gbogbo ibi tí irin yẹn bá gún ló ń di ọgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ yẹn kò bínú sí mi, mi ò sì tíì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Wọ́n mọ ògiri òkúta tó gbé ilẹ̀ ró sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, wọ́n fi ihò sílẹ̀ lára rẹ̀ kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde, wọ́n sì fa páìpù òrùlé lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la gbin gbogbo ibi tó ya náà, láìgba owó. Kùkùté méjì apá òsì yẹn ṣì wà. Ọ̀mùnú bí ogún ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí a débẹ̀. A yan mẹ́ta tó le jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì gé ìyókù. Wọ́n ti ga ju mí lọ báyìí. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò tó lágbára jù, mo máa ń lọ síbẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀ gba inú ẹ̀gún yẹn, màá sì fi ọwọ́ wa ilẹ̀ ìdí wọn díẹ̀, títí ìka mi á fi kan gbòǹgbò tútù.